Mọ́tò tí ẹ dúró tì yẹn, ti ta ni?

1. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ó dá lórí àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ẹ máa ń gbé síbí, pàápàá àwọn èyí tí ẹ ti dúró ti mọ́tò.

2. Ẹ mọ irú fọ́tò tí mò ń wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún 17, gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà Volkswagen ìjàpá. Áfúrò orí rẹ̀ rí róbótó. Ṣòkòtò bóńgò rẹ̀ fún mọ́ itan, ó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agogo. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn bí ìyẹ́ ẹyẹ. Gọ́gù dúdú lójú, aago lọ́wọ́. Ẹni tó gbé e síta á ní Ìlọrin nìyẹn, ní 1976, nígbà tí ayé ṣì dùn. Á wá fi kún un pé ọ̀dọ́ gidi nìyẹn o, kì í ṣe àwọn ti ìsinsìnyí. Èèyàn igba á ti ṣe àmín sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

3. Mo fẹ́ràn àwọn fọ́tò yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹjọ́ tí ẹ fi ń gbè lẹ́yìn ara yín ni mi ò gbà. Fọ́tò yẹn ò sọ pé ìwà yín dáa ju tiwa lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ìlú fi yín sílẹ̀ kí ẹ ṣe ọ̀dọ́, àti pé ẹni tó rán ṣòkòtò yẹn ń gbé ládùúgbò yín, ẹni tó to mọ́tò yẹn náà sì lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Nǹkan méjì yẹn ló bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

4. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí mọ́tò. Mọ́tò tí ẹ dúró tì yẹn, ti ta ni? Ẹ má bínú o, mo kàn ń béèrè ni. Ọmọ ọdún 17 wo ló ní mọ́tò n'Ílọrin ní 1976? Mo ti bi ọ̀pọ̀ àgbà léèrè, ní Pàkátà, ní Táíwò Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ẹyọ ẹnì kan ò sọ pé tòun ni. Ti tíṣà ni. Ti dókítà ni. Ti àlejò tó wá síbi ìsọmọlórúkọ ni. Àlàájì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ò mọ olówó rẹ̀ rárá. Ó kàn páàkì síwájú ilé fọ́tò ni, wọ́n bá sáré ya fọ́tò kí onímọ́tò tó jáde.

5. Mi ò sọ ọ́ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mọ́tò ṣe níyì tó nígbà yẹn nìyẹn. Ẹyọ kan ládùúgbò, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló ni ín. Òun ló ń gbé aboyún lọ sọ́sibítù lóru. Òun ló ń gbé ìyàwó. Òun náà ni wọ́n ń tọrọ bí ọmọ bá ṣe wòlímà, tí ó wé láwàní, tí wọ́n fẹ́ fi yí ìlú ká. Kí ló wá burú tí ọmọ àdúgbò bá gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ńpà rẹ̀?

6. Ìgbà yẹn náà ni mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1967, Ìlọrin di olú ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Náírà dé ní oṣù kìíní 1973. Owó Udoji wá tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ní kí wọ́n fi kún owó oṣù, ìjọba sì san èyí tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn ní 1975. Ẹni tó ra rédíò ra rédíò, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ rà á, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ká mọ́tò ra mọ́tò. Ìjọba tún ń yá òṣìṣẹ́ lówó láti fi ra mọ́tò, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù.

7. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Peugeot, tí gbogbo ayé mọ̀ sí PAN, ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen ṣí tiwọn ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Òótọ́ ni pé inú àpótí lọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara mọ́tò náà ti ń bọ̀ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ló ń dì í mọ́ra, tó ń kùn ún, tó ń tì í jáde. Owó oṣù ẹni náà ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

8. Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn ará ibí fún wọn. A ò dúró de òyìnbó kó tó sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ̀yìn Volkswagen yẹn rí bí igbá, ó bá di ìjàpá. Inú Mercedes tutù bí ọyẹ́, ó di Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Lọ́rì onípákó tí èrò ti ń fún ara wọn pa ni bọ́lẹ̀kájà. Ẹni tí ò ní mọ́tò rárá ló ń sọ ọ́ lórúkọ báyìí o! Orúkọ yẹn ló fi jẹ́ tiwọn.

9. Píjò 504 wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn òyìnbó ṣe é jáde ní 1968, ní 1983 wọ́n ti ń kógbá rẹ̀ wọlé nílùú wọn, àmọ́ Kàdúná ń to tiẹ̀ lọ títí a fi wọ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Kí ló fà á? Ó ga nílẹ̀, kòtò ò tètè ṣe é ní nǹkan. Kò sì sí ohun tó fara pa mọ́ nínú rẹ̀: mẹ́káníìkì abẹ́ igi lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, kó tò ó padà kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ọ̀wọ́ mẹ́ta, òun ló ń kó èrò láti ibí gba Ògbómọ̀ṣọ́, gba Ìbàdàn, dé Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú yín, inú rẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ rí òkun.

10. Ó tó gẹ́ẹ́ lórí mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí aṣọ. Aṣọ inú fọ́tò yẹn, ta ló rán an? Ẹni tí mo bi ní ìbéèrè yìí kì í gbàgbé ìdáhùn. Wọ́n á dárúkọ télọ̀ náà, wọ́n á sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n á sọ bó ṣe já àwọn kulẹ̀ lọ́dún kan. Nílùú wa níbí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lọ̀pọ̀ ọmọ ń rí aṣọ tuntun, ìtúnnu àwẹ̀ àti Iléyá. Bàbá á ra ọ̀pá aṣọ kan náà fún gbogbo ọmọ. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ojú télọ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àtùpà ò kú títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọmọ sì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sùn lórí ìjókòó.

11. Ibẹ̀ lẹ wá ti ń ṣe ọgbọ́n yín. Bàbá ti sọ fún télọ̀ pé kí ó rán an bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin á yọ́ lọ lẹ́yìn, ẹ ó ki kọ́bọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i. Ínṣì lẹ fi ń ṣe fáàrí. Ẹni tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tirẹ̀ jẹ́ ínṣì 24 ò ní gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó wọ ínṣì 18. Bàtà náà ń kọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì, ẹni kúkúrú á di ẹni gíga lọ́sàn-án kan. Bí àkókò ilé kéwú bá tó, ẹ ó bọ́ bóńgò sílẹ̀, ẹ ó kó sínú jàlàbíyà, ojú á wá dà bíi ti ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́.

12. Ẹ̀yin ìyá wa náà, ẹ má rọra kọjá. Ìró péńpé, èyí tí ò fi bẹ́ẹ̀ bo orúnkún, pẹ̀lú bùbá tó mọ́ra. Irun onílé-gogoro, tí wọ́n fòwú dì, tó dìde dúró lórí bí ilé alájà. Oníṣẹ́ fọ́tò wa, J.D. 'Okhai Ojeikere, ya fọ́tò irú irun bẹ́ẹ̀ láti 1968 lọ, àwọn òyìnbó sì ti gbé e há ilé àfihàn wọn. Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe fíìmù Ó Le Kú ní 1997, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, ìró péńpé yẹn ló wọ̀ fún àwọn sísí inú rẹ̀. Kí a tó pajú pẹ́, gbogbo ìlú ti ń rán òlékú. Àwọn ọmọ 1997 rò pé àṣà tuntun làwọn dá. Aṣọ ìyá wọn ni.

13. Kí làwọn àgbà ìgbà yẹn wá ń sọ? Ohun tí ẹ̀ ń sọ fún wa náà ni. Wọ́n ní bóńgò ń gbálẹ̀ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní Áfúrò jẹ́ igbó tí iná-orí ń gbé. Wọ́n ní ìró péńpé yóò mú kí òjò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, ọ̀dọ́ ti sọnù. Ẹ̀yin lọ̀dọ́ tó sọnù nígbà yẹn o! Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, òun lẹ gbé sókè àjà de ìyàwó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dàgbà lẹ gbọ́wọ́ sókè mú un.

14. Nǹkan mìíràn tún wà tí fọ́tò ò fi hàn. Gọ́gù kan ṣoṣo, ẹni mẹ́rin ló fi ya fọ́tò lọ́jọ́ kan. Kóòtù tó wà lọ́rùn, ti ilé fọ́tò ni. Tẹlifóònù tí ẹ gbé sétí, wáyà rẹ̀ ò dé ibì kankan. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà ní Ìpàtà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn wo ló ya fọ́tò tiwọn? Owó fọ́tò dà? Torí náà, ọjọ́ tó dáa jù lọ́dún lẹ̀ ń fi hàn wá. Ẹ wá gbé ọjọ́ Iléyá yín síwájú ọjọ́ Mọ́ńdè tiwa, ẹ ní a rí wúruwùru. Ìyẹn ò tọ́.

15. Nǹkan wo wá ló yí padà lóòótọ́? Ìwà kọ́. Ilé iṣẹ́ ló kú. Kí ìjọba Babangida tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1986, náírà kan ò jìnnà sí dọ́là kan. Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, kò sì tíì dìde dòní. Ẹ̀yà ara mọ́tò tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí. Mọ́tò tuntun tí tíṣà ń fi owó ìjọba rà wá di ohun tí tíṣà ń wò nínú ìwé ìròyìn. Ìgbà yẹn ni tòkunbọ̀ wá gbòde. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tí wọ́n gbé wá sílé ni tẹ́lẹ̀, orúkọ iyì. Ó wá di orúkọ mọ́tò tí ẹlòmíì ti lò gbó.

16. Aṣọ náà tọ ọ̀nà yẹn. Kàdúná tó ń to Píjò, Kàdúná yẹn náà ló ń hun aṣọ. Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ láti 1957, UNTL tẹ̀ lé e lọ́dún díẹ̀ sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀. Ní 2007, UNTL ti ìlẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ dilé. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, òkìríkà ti kún ojú ọ̀nà, a ti ń bẹ̀rẹ̀ mú un ní bọ́sí-kọ́nà. Jíìnsì tí ọmọ òyìnbó wọ̀ títí ó fi ya lórúnkún, òun lọmọ ibí fi ń ṣọdún. Ẹ wá wò wá, ẹ ní kí ló dé tí ṣòkòtò wa ya! Ó ya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni jàre.

17. Ẹ̀yin wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀n lára yín. Tiwa, ara wa la fi ń wá inú aṣọ tí wọ́n wọ̀n lára ẹlòmíì. Kì í ṣe pé ẹ gbọ́n jù wá lọ. Ilé iṣẹ́ wà, owó ní ìtumọ̀, télọ̀ ní iṣẹ́, mẹ́káníìkì ní ọmọ ẹ̀kọ́ mẹ́jọ. Ẹni bá fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ayé àtijọ́, ohun tí yóò ṣọ̀fọ̀ nìyẹn.

18. Ó wá ku èyí tó ń dùn mí jù. Nígbà tí ọmọ ọdún 17 dúró ti mọ́tò onímọ́tò ní 1976, kí ni ẹni tó ń kọjá sọ? Àlàájì tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ní, wọ́n máa ń ṣàdúrà fáwọn ni, pé Ọlọ́run á pèsè tiwọn. Lónìí, kí ọmọ ọdún 22 tó dá irun dúró ti Corolla tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ ni Yahoo. Àdúrà ti di ẹ̀sùn.

19. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń hun aṣọ òkè. Láti kékeré ló ti jókòó sídìí òfì, ibẹ̀ ló ti rówó ilé ìwé, ibẹ̀ ló ti rówó ra mọ́tò àlòkù kan tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣí. Ọ̀sẹ̀ tó rà á, ará ilé rẹ̀ kan lọ ń sọ kiri àdúgbò pé kí wọ́n ṣọ́ ọmọ yẹn o. Ẹni yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo tó ń hun aṣọ! Ó ń gbọ́ ìró òfì lójoojúmọ́. Àmọ́ irun orí ló wò, kò wo ọwọ́.

20. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde káàkiri Nàìjíríà nítorí SARS, ara ohun tí wọ́n ń ké lé lórí nìyẹn: pé irun, ara fínfín, fóònù olówó ńlá tàbí mọ́tò ti tó láti sọ ọ̀dọ́ di afurasí. Ẹ̀yin tó gbé bóńgò àti Áfúrò wọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Ẹ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi aṣọ dá ẹjọ́ èèyàn.

21. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní Yahoo wà, kì í ṣe irọ́. Mo gbà, ó wà, ó sì ń ba orúkọ wa jẹ́. Àmọ́ olè wà nígbà tiyín náà. Ní 1971 ni wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní Bar Beach l'Ékòó nítorí ìdigunjalè. Ṣé torí ẹ̀ lẹ gbà kí wọ́n máa pe gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà yẹn lólè? Ohun tẹ́ ẹ gbà fún ara yín, ẹ gbà á fún wa.

22. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àgbà bá gbé fọ́tò jáde la ó máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n ta ló rán an, èló ni ọ̀pá kan, ta ló kọ́ télọ̀ yẹn níṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ, òfì ṣì ń dún ní Ìlọrin níbí, ọmọ ẹgbẹ́ wa ló pọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ gbé owó aṣọ ọdún yín lọ bá wọn. Aṣọ tí ẹ mọ orúkọ ẹni tó hun ún àti ẹni tó rán an, ogún ọdún sí i, ẹ̀yin náà á ní nǹkan sọ nípa rẹ̀.

23. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní. Ẹ yí fọ́tò yẹn sẹ́yìn, ẹ mú báírò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ọdún, àdúgbò, orúkọ télọ̀, orúkọ olówó mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò ìgbà yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù káàdì fóònù, omi òjò ti ba fíìmù wọn jẹ́. Mo ti rí fọ́tò tó dáa gan-an nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ wọ́n ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ fi dáná.

24. Mo ti sọ tèmi. Ẹni bá ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kó gbé e sísàlẹ̀ níbí. Ẹ sọ ọdún wo ni, ẹ sọ àdúgbò, ẹ sọ ta ló rán aṣọ náà. Ẹ sì sọ òótọ́ lórí mọ́tò yẹn o: ti ta ni?